Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alákòóso Ilé Ìkàwé àti Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́: Ẹ Fi Inú Ilé Han Àlejò Kí Ẹ Tó Bi Í Ní Ohun Tó Ń Wá

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ àti mùsíọ́mù gbogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìpamọ́. A mọ̀ pé kí ìwé kan tó dé orí ayélujára, ẹnì kan ti nu eruku rẹ̀, ẹnì kan ti ya fọ́tò rẹ̀ lójú ewé lójú ewé, ẹlòmíràn sì ti jókòó kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ohun tí àlejò sábà máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà kò ju àpótí funfun kan tí a kọ "Ṣàwárí" sí lọ. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ilé, kí ni yóò béèrè?

Àwa tí a ń kọ lẹ́tà yìí, iṣẹ́ wa ni kí á ṣètò ojú ìkànnì tí àwọn èèyàn fi ń wo irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ìkànnì fún yín, ẹ ka ohun tí a kọ síbí, kí ẹ sì mú èyí tó bá yín mu wọ inú ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́ tí ilé bá ti dìde tán.

A ò ní kí ẹ yọ àpótí àwárí kúrò. Ẹni tó ti mọ àkọlé ìwé tàbí nọ́ńbà fáìlì, kò sí ohun tó yá ju àpótí lọ fún un. Àmọ́ ọmọ ilé-ìwé tó ṣì ń wá kókó iṣẹ́ ìwádìí, ẹni tó ń tọpa ìdílé rẹ̀, akọ̀ròyìn tó gbọ́ fìrífìrí pé àwòrán kan wà: bí wọ́n ṣe ń wá a lọ ni wọ́n ń mọ ohun tí wọ́n ń wá. Marcia Bates, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń wá ìsọfúnni, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1989. Ó fi irú àwárí yìí wé kíká èso nínú igbó, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ohun tí ọwọ́ bà níbi àkọ́kọ́ sì ń yí ibi tí ẹsẹ̀ máa kọrí sí padà. Ní 2006, Gary Marchionini, onímọ̀ irú ẹ̀kọ́ kan náà, ya wíwá ohun tí a ti mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wíwá láti kẹ́kọ̀ọ́ àti wíwá láti ṣèwádìí. Nígbà tó di 2015, olùwádìí Mitchell Whitelaw kọ̀wé nípa àwọn ilé bíi tiyín gan-an, pé kí ojú ìkànnì wọn jẹ́ ọ̀làwọ́: kó fi ohun tó ní hàn kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó wọlé.

Kí ni fífi ohun tí ẹ ní hàn túmọ̀ sí? Kì í ṣe àwòrán ńlá márùn-ún tó ń yí po lójú ìwé àkọ́kọ́. Àwòrán ayípo kì í sọ bí àkójọ ṣe tóbi tó, kì í sọ ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń yí lọ kí ẹni tó ń kà á tó kà á tán. Ben Shneiderman ti Yunifásítì Maryland fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 1996 tí kò tíì gbó lójú tiwa: kọ́kọ́ fi odindi hàn, jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ apá tó wù ú kó sì sẹ́ ìyókù kúrò, kí àlàyé kíkún wá jáde nígbà tó bá béèrè rẹ̀. Lójú ìwé àkọ́kọ́ yín, odindi yẹn ni iye nǹkan tó wà nínú àkójọ, irú tí wọ́n jẹ́ àti iye tó wà nínú irú kọ̀ọ̀kan, ọdún tó pẹ́ jù àti ọdún tó kẹ́yìn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ bí ogún sí ọgbọ̀n tó ṣeé tẹ̀. Ó tún yẹ kí ẹ kọ iye ohun tó wà nínú ilé tí kò tíì dé orí ayélujára. Ọ̀pọ̀ alákòóso kì í fẹ́ kọ èyí. Láìsí i, àlejò yóò gbà pé ohun tí òun kò rí lórí ìkànnì kò sí rárá, yóò sì gbé àṣìṣe náà wọ inú ìwé tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ yẹn nílò ọgbọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kàn mú èyí tó bá rí, ohun tó pọ̀ jù ni yóò máa mú. Ká ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ ní jẹ́ ojú ewé ìwé ìròyìn, ìwé ìròyìn ni yóò kún ojú ìwé àkọ́kọ́, lẹ́tà àfọwọ́kọ kò sì ní yọjú láéláé. Ẹ ní kó mú iye kan náà láti inú irú kọ̀ọ̀kan, tàbí láti inú ẹ̀wádún kọ̀ọ̀kan. Kí bọ́tìnì kan wà tó ń pààrọ̀ wọn, kí nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ṣa wọ́n sì wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tẹ àwòrán kan tó sì padà sẹ́yìn láti tẹ èkejì tó ti fojú sùn, yóò bá a pé gbogbo wọn ti yí padà, èkejì náà sì ti bá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọdún la fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àkójọ ti máa ń parọ́ láìmọ̀. Ẹ ya ọ̀pá kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kí gíga rẹ̀ jẹ́ iye nǹkan tó wà ní ọdún náà. Ẹ máa rí i pé 1880, 1890, 1900 àti 1910 ga fíofío ju àwọn ọdún àárín wọn lọ. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kọ̀wé jù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Òṣìṣẹ́ kátálọ́ọ̀gì ló kọ "ní nǹkan bí 1900" nígbà tí kò dá a lójú, kọ̀ǹpútà wá ju "ní nǹkan bí" nù, ó mú 1900. Ẹ tún lè rí òkìtì kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970, lórí àwòrán tí ojú lásán fi hàn pé ó ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìṣírò àkókò, torí náà ibi tí déètì bá ti jẹ́ òdo, ọjọ́ náà ló ń hàn.

Kò sí bí ayàwòrán ojú ìkànnì ṣe lè fi àwọ̀ bo èyí. Inú dátà ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Kí déètì kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́ta: ọdún tó ṣeé ṣe kó ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tó ṣeé ṣe kó parí sí, àti ọ̀rọ̀ gan-an tí òṣìṣẹ́ kọ. Bí ìlànà yín bá jẹ́ ọdún márùn-ún síwájú àti márùn-ún sẹ́yìn, "ní nǹkan bí 1900" yóò di 1895 sí 1905. Nígbà tí ẹ bá ń ya ọ̀pá, ẹ pín ohun náà sórí ọdún mọ́kànlá yẹn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mọ́kànlá, kí àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ohun tí déètì rẹ̀ dájú. Lójú ìwé ohun náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni kí ẹ fi hàn.

Èyí tó burú jù ni ohun tí kò ní déètì rárá. Bí àlejò bá fa ìlà ọdún wá sí 1920 sí 1940, gbogbo ohun tí kò ní déètì yóò pòórá, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un. Nínú àkójọ tí déètì rẹ̀ kò kún, èyí tó sọnù lè pọ̀ ju èyí tó kù lọ. Ẹ ya ọ̀pá kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù fún "kò ní déètì", kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kó sì ṣeé tẹ̀ bíi ti àwọn tó kù.

Irú ẹ̀tàn kan náà ni máàpù máa ń ṣe. Ohun tí kò ní nọ́ńbà ibi, kọ̀ǹpútà lè kà á sí 0, 0, inú òkun Àtìláńtíìkì níbi tí ìlà agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà Greenwich. Àwọn tó ń ṣe máàpù ti sọ ibẹ̀ ní Null Island (Erékùṣù Òfo), bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lásán ló wà níbẹ̀. Ohun tí kátálọ́ọ̀gì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan sí yóò rọ́ jọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, bóyá inú aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rí. Ẹ má fi àmì kan ṣoṣo gún irú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kun gbogbo orílẹ̀-èdè náà, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sí i. Tí ohun tí ẹ mọ ibi tó ti wá dájú kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta àkójọ, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe máàpù rárá. Àtòkọ orúkọ ibi, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ran àlejò lọ́wọ́ jù ú lọ, owó tó máa ná yín yóò sì kéré.

Ó wá kan asẹ́, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì, tí èèyàn fi ń yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò: irú, èdè, ọdún, òǹkọ̀wé. Èrò ìdí rẹ̀ ti pẹ́. S. R. Ranganathan, onímọ̀ ilé ìkàwé ará Íńdíà, gbé ètò kan jáde ní 1933 tó jẹ́ kí á lè wo ìwé kan láti ojú púpọ̀, dípò kí á tì í mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo. Bí asẹ́ ṣe rí lójú kò ṣòro. Ìṣírò ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bàjẹ́.

Láàárín ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ asẹ́ kan náà, "tàbí" ló gbọ́dọ̀ wà. Láti asẹ́ kan sí òmíràn, "àti" ni. Ẹni tó yan "lẹ́tà" àti "ìwé ìròyìn" lábẹ́ irú, tó sì yan "Faransé" lábẹ́ èdè, ohun tó ń fẹ́ ni lẹ́tà tàbí ìwé ìròyìn, kó sáà ti jẹ́ Faransé. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ sọ iye tí yíyan ọ̀rọ̀ náà máa mú wá. Nítorí náà, tí kọ̀ǹpútà bá ń ka nọ́ńbà abẹ́ irú, gbogbo asẹ́ yòókù ni kó lò, kó yọ ohun tí àlejò yàn lábẹ́ irú fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, bí àlejò ṣe tẹ "lẹ́tà" báyìí ni "ìwé ìròyìn" yóò di òdo, àlejò yóò sì gbà pé kò sí ìwé ìròyìn kankan. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ẹ wá tẹ èkejì náà. Níwọ̀n ìgbà tí ohun kan kò bá lè jẹ́ irú méjì pọ̀, iye èsì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yẹn gan-an lé, láìlé ẹyọ kan, láìdín ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó fún ojú kan lábẹ́ asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ìyókù wà lẹ́yìn bọ́tìnì, pẹ̀lú àpótí àwárí kékeré tirẹ̀. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù, àyàfi ohun tó ti ní ètò tirẹ̀ bí ọdún. Èyí tó bá di òdo, ẹ jẹ́ kó ṣú díẹ̀ níbi tó wà, ẹ má yọ ọ́, torí àtòkọ tó ń fò sókè sódò lábẹ́ ìka ló ń mú kí èèyàn tẹ ohun tí kò fẹ́. Gbogbo ohun tí àlejò ti yàn gbọ́dọ̀ hàn lókè èsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tí a fi ń yọ ọ́. Lórí fóònù, tí àyè kò sí, kí asẹ́ ṣí bo gbogbo ojú, kí bọ́tìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa kọ iye tó máa jáde bí àlejò ṣe ń yàn, bíi "Wo èsì 214". Kò yẹ kí ojú ìwé tún ara rẹ̀ gbé lẹ́yìn gbogbo títẹ̀.

Asẹ́ tún máa ń tú àṣírí kátálọ́ọ̀gì. Òǹkọ̀wé kan náà yóò jáde nígbà mẹ́rin: orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ ṣáájú, èyí tó ní ọdún ìbí, èyí tó ní àmì ìdánudúró lẹ́yìn. Ohun tó ń wo èyí sàn ni nọ́ńbà ìdánimọ̀, bíi ti VIAF, àkójọ orúkọ òǹkọ̀wé tí àwọn ilé ìkàwé jọ ń lò, tàbí ti Wikidata, àkójọ dátà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì kò lè bá yín ṣe é dáadáa, torí kò mọ àwọn èèyàn inú àkójọ yín. Òṣìṣẹ́ yín ló mọ̀ wọ́n. Ẹ fi oṣù tó máa gbà wọ́n sínú ètò àti sínú owó.

Àpótí àwárí wá ńkọ́? Fún èdè tó ní àmì lókè àti lábẹ́ bíi tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ti ń ṣubú. Ẹ mú lẹ́tà ẹ́. Kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àti àmì gbogbo èdè ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ (U+1EB9) kí àmì òkè (U+0301) tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè lo é (U+00E9) kí àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta lè lo e lásán kí àmì méjèèjì tẹ̀ lé e, ti abẹ́ ṣáájú tàbí ti òkè ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, àmọ́ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n. Kíbọọ̀dù òṣìṣẹ́ yín ń tẹ ọ̀kan, fóònù àlejò ń tẹ òmíràn, èsì wá jẹ́ òdo. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló wà.

Ẹ ní kí wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí NFC, ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀, nígbà tí a bá ń tọ́jú u, àti nígbà tí àlejò bá ń wá a. Èyí sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Kò kan àwọn tó fi ìlà kékeré òòró (U+0329) sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ìyẹn gba òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, yàtọ̀ sí atọ́ka (àtòkọ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wò nígbà àwárí) tó ní àmì, kí atọ́ka kejì wà tí a ti yọ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí àmì tẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó tẹ "oko" yóò wá rí oko, ọkọ, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí ó bá fi àmì sí i, èyí tó bá àmì rẹ̀ mu gan-an ni kó ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e. A ti rí àwọn tó yọ àmì kúrò pátápátá lójú ìwé kí àwárí lè rọrùn. Ẹ má gbà. Inú atọ́ka ni a ti ń yọ àmì. Orúkọ èèyàn àti àkọlé ìwé gbọ́dọ̀ hàn bí wọ́n ṣe rí.

Nígbà tí àpótí bá ń dábàá ọ̀rọ̀, kó dúró bí ìdá 200 sí 300 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn kó tó béèrè lọ́dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àkójọ wà lórí rẹ̀. Kó sì ju ìdáhùn àtẹ̀yìnwá nù bí tuntun bá ti wà, torí ìdáhùn àkọ́kọ́ lè pẹ́ lọ́nà kó sì dé lẹ́yìn èkejì, kí àlejò wá rí àbá fún ohun tó ti pa rẹ́. Tí èsì bá jẹ́ òdo, kí ìkànnì sọ ọ̀rọ̀ tàbí asẹ́ tó fà á, kó sì sọ iye tó máa jáde bí a bá yọ ọ́.

Ní báyìí, àwọn kan yóò wá bá yín pé kí ẹ fi àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹ̀rọ onílàákàyè rọ́pò gbogbo èyí. Àpótí òfìfo náà ṣì ni. Ó ṣì ń bi àlejò ní ohun tó ń wá láìfi ohun tó wà hàn án, ó sì tún lè sọ ohun tí kò sí nínú àkójọ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù, kí gbogbo gbólóhùn tó bá sọ sì ní líǹkì sí ìwé gan-an tó ti mú un jáde.

Ojú ìwé ohun kọ̀ọ̀kan yẹ ní àfiyèsí ju èyí tó sábà ń gbà lọ. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Google ló ń já wọn sí orí lẹ́tà kan ṣoṣo láàárín ilé. Bí ojú ìwé yẹn bá ní fọ́tò àti àkọlé nìkan, wọ́n á wò ó, wọ́n á lọ. Ẹ fi àwọn aládùúgbò rẹ̀ hàn: ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e nínú àpótí tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, ohun tí ẹni kan náà kọ, ohun tó jẹ́ ti ọdún kan náà. Ètò inú àpótí ṣe pàtàkì gan-an fún ìwé àtijọ́, nítorí ìtumọ̀ lẹ́tà kan sábà máa ń wà nínú èyí tí wọ́n fi èsì rẹ̀ fún. Ẹ sọ ohun tí òfin gbà kí èèyàn fi ṣe. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà, kódà tí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo ìkànnì lọ́dún mẹ́wàá òní.

Kí gbogbo asẹ́, ọ̀rọ̀ àwárí àti ojú ìwé èsì máa wọ inú àdírẹ́sì, kí ẹni tó rí nǹkan lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Asẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ kan tí bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn lè mú kúrò. Fífa ìlà ọdún díẹ̀díẹ̀ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ibi tí ìka ti gbé sókè nìkan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ padà yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà ogójì. Èsì tí kì í lópin, tó ń gbé òmíràn wá bí a ṣe ń yí i sísàlẹ̀, kò bá ìwádìí mu: ẹni tó tẹ ohun kan tó padà yóò bá ara rẹ̀ lókè pátápátá, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ojú ìwé keje ni mo ti rí i".

Lórí ìyára, ìwọ̀n àtijọ́ ṣì dúró. Láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, èèyàn á rò pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èrò rẹ̀ kò tíì já. Lẹ́yìn mẹ́wàá, ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Fọ́tò kékeré inú èsì kò yẹ kó wúwo ju bíi 30 kílóbáìtì lọ, kí fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ sì ti wà nínú kóòdù ṣáájú, kí ojú ìwé má bàa máa fò bí fọ́tò ṣe ń dé. Fún àwòrán ńlá, ẹ lo ìlànà IIIF, tó ń gé àwòrán sí pálí kéékèèké, tó sì ń rán èyí tí àlejò sún mọ́ nìkan.

Ìlà ọdún tí a ń fi ìka fà dùn ún wò, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n àti ẹni tó ń lo kíbọọ̀dù nìkan kò lè fà á. Kí àyè méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a lè kọ ọdún sí. WCAG 2.2, ìlànà àgbáyé fún ìkànnì tí abirùn náà lè lò, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2023, béèrè pé kí ohun tí a ń fà ní ọ̀nà míràn tí kò gba fífà, kí ohun tí a ń tẹ̀ má sì kéré ju píksẹ́lì 24 ní fífẹ̀ àti ní gíga, àyàfi àwọn ipò díẹ̀ tó yọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tí kò tóbi. Tí iye èsì bá yí padà, kí ẹ̀rọ tó ń ka ojú ìwé fún ẹni tí kò ríran sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó tẹ asẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi àwòrán ìsopọ̀ hàn yín, èyí tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kókó tí okùn so pọ̀ mọ́ra, ó lè wù yín. Ẹ bi í pé ìbéèrè wo ló ń dáhùn. Tí kókó bá ti ju bí ọgọ́rùn-ún kan lọ, ó ti di òwú tó ta kókó, ojú kò ní lè tọ okùn kankan dé ìdí. William Cleveland àti Robert McGill, àwọn onímọ̀ ìṣirò dátà, fi hàn ní 1984 pé ojú èèyàn máa ń ka ipò lórí ìwọ̀n kan náà dáadáa ju gígùn lọ, ó sì ń ka gígùn ju fífẹ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá tó tò lórí ìlà kan fi ń ṣẹ́gun òbìrí ńlá àti òbìrí kékeré.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni. Ẹ kó àkọsílẹ̀ 500 jáde láti inú kátálọ́ọ̀gì yín. Kí 450 jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà bá mú, kí 50 jẹ́ èyí tó burú jù tí òṣìṣẹ́ yín mọ̀: àkọlé tó gùn tó ìpínrọ̀ kan, ohun tí kò ní fọ́tò, ohun tí kò ní déètì, ìwé olójú ewé 900, orúkọ tó ní àmì mẹ́fà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ya gbogbo àwòrán ojú ìkànnì tí wọ́n bá fi hàn yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròkọ àti fọ́tò rèǹtè-rente. Tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ẹ pe èèyàn márùn-ún tí kò rí i rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ní kí wọ́n wá ohun kan. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n rìn káàkiri, kí ẹ wá pa ojú kọ̀ǹpútà dé, kí ẹ bi wọ́n pé: kí ló wà nínú àkójọ yìí, ọdún wo sí ọdún wo, kí ni kò sí níbẹ̀, kí ni ẹ rí tí ẹ ò retí? Ìdáhùn wọn ni kí ẹ fi wọ̀n iṣẹ́ náà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe yára tó. Ẹ dá ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́ dúró fún àtúnṣe tó máa jáde látinú ìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i fún gbogbo ayé, ẹ ní kí wọ́n máa fi àtòkọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ tí èsì rẹ̀ jẹ́ òdo ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, láìsí ohunkóhun tó lè tú ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fó. Kí òṣìṣẹ́ kátálọ́ọ̀gì ló máa kà á. Òun ló máa mọ èyí tó wà nínú ilé lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́,
Àwa tí a ń ṣètò ojú ìkànnì fún àkójọ